Git Ní Kò Sí Ìjà: Bí Kóòdù Ṣe Ń Ya Ẹ̀ka àti Bó Ṣe Ń Padà Di Ọ̀kan

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan pè mí. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí òun tán. "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, kí lẹ ṣe sí áàpù wa? Ìyá aláta kan jókòó síwájú mi níbí, omi ń bọ́ lójú wọn." Ìyá náà yá 100,000 náírà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra ọjà. Èlé ẹgbẹ́ jẹ́ náírà 5 lórí 100 náírà, nítorí náà 5,000 náírà ló yẹ kí wọ́n san lé e. Àmọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọ fóònù wọn lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ní èlé wọn jẹ́ 500,000 náírà. Ẹni tó yá 100,000, wọ́n ní kó wá san 600,000! Wọn ò fojú kan oorun di ojúmọ́.

Èmi pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan la jọ kọ áàpù náà. Ara mi bù máṣọ. Mo ṣí kóòdù tèmi, mo kà á láti òkè délẹ̀, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ka tirẹ̀, òun náà ò rí nǹkan kan. Ká má parọ́, a kọ́kọ́ fẹ́ máa di ẹ̀bi ru ara wa. Ìgbà tó yá la tó rí i pé kóòdù tèmi dára, tirẹ̀ náà dára, àfi ìgbà tí méjèèjì pàdé. Ibi ìpàdé yẹn gan-an, ìyẹn ibi tí Git ti da iṣẹ́ wa pọ̀, ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Git ò sì pariwo. Ó ní òun ti dà á pọ̀, kò sí ìjà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ẹ ò ní láti jẹ́ ẹni tó ń kọ kóòdù kó tó yé yín.

Láti ọ̀dọ̀ "final_gangan" dé ọ̀dọ̀ Git

Ẹni tó bá ti kọ iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ kọ́kọ́ sọ fáìlì yín ní "project_final". Olùkọ́ ní kí ẹ tún un ṣe, ó di "project_final2". Nígbà tó fi máa di ọjọ́ tí ẹ máa fi sílẹ̀, "project_final_gangan" ti wà lórí laptop, ẹ ò sì mọ èwo ni èwo mọ́. Ẹ wá ronú pé ènìyàn 5 ló ń kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo náà, tí kálukú ní final_gangan tirẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń bá ìṣòro yìí fà á. Ní 1972, Marc Rochkind ní Bell Labs, Amẹ́ríkà, kọ ètò kan tí wọ́n ń pè ní SCCS, tó ń tọ́jú gbogbo ìyípadà tó bá dé bá fáìlì. Nígbà tó di 1982, Walter Tichy ní Yunifásítì Purdue gbé RCS jáde. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà dènà ìjà rọrùn: ẹni tó bá fẹ́ tún fáìlì kan ṣe á tì í pa ná, ẹlòmíràn á dúró títí tó fi máa ṣí i. Ó dà bíi balùwẹ̀ ilé ayálégbé. Ẹni tó wà nínú ti ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú bọ́kẹ́ẹ̀tì dání, ẹ dúró. Tó bá wá gbàgbé láti ṣí i kó tó lọ sí ìsinmi ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí.

CVS tí Dick Grune bẹ̀rẹ̀ ní 1986 jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè ṣiṣẹ́ lórí fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan náà, òun làwọn ènìyàn sì lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jẹ́ kí n fò ó, kí n bọ́ sórí Git.

Aáwọ̀ ló bí Git. Láti 2002 ni àwọn tó ń kọ Linux ti ń lo ètò kan tó ń jẹ́ BitKeeper, tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ aládàáni, tí ilé-iṣẹ́ náà sì jẹ́ kí wọ́n máa lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2005, Andrew Tridgell, ará Australia, ń gbìyànjú láti kọ ètò tó lè bá BitKeeper sọ̀rọ̀. Inú ilé-iṣẹ́ náà kò dùn sí i, wọ́n sì gba ọ̀fẹ́ náà padà. Linus Torvalds wá jókòó kọ tirẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 7, Git ti ń tọ́jú kóòdù ara rẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù yẹn kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi da ẹ̀ka pọ̀. Ní oṣù kẹfà, Linux 2.6.12 jáde, Git ni wọ́n sì fi ṣètò rẹ̀. Ní oṣù keje, Linus gbé Git lé Junio Hamano lọ́wọ́, ó padà sídìí Linux rẹ̀. Àwa tí a máa ń fi oṣù mẹ́ta kọ ojú ìwé ìwọlé, ẹ jẹ́ ká máa dákẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Linux le ni pé kò sí ẹni tó lè ti fáìlì pa mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ló ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ríra rí. Kí kálukú lọ ya ẹ̀ka tirẹ̀, kó ṣe é tẹ́rùn, ká wá dà á pọ̀: ọ̀nà tó wà nìyẹn. Nítorí náà, yíya ẹ̀ka gbọ́dọ̀ yá, dídà á pọ̀ náà gbọ́dọ̀ yá.

Ẹ̀ka kò wúwo tó bẹ́ ẹ ṣe rò

Kí ni Git ń tọ́jú gan-an? Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ní kó gba iṣẹ́ yín sílẹ̀, ó máa ń ya gbogbo fáìlì yín ní fọ́tò, bí wọ́n ṣe wà ní ìṣẹ́jú yẹn. Commit la ń pe fọ́tò yìí. Lẹ́yìn fọ́tò náà, ó kọ orúkọ ẹni tó yà á, ọjọ́ àti aago, ọ̀rọ̀ ṣókí tí ẹ fi ṣàlàyé ohun tí ẹ ṣe, àti orúkọ fọ́tò tó ṣáájú rẹ̀. Èyí tó ṣáájú yẹn ni Git ń pè ní òbí. Fáìlì tí kò bá yí padà, Git kì í tún un dà kọ. Ó kàn ń tọ́ka sí èyí tó ti wà nílẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn fọ́tò wọ̀nyí kì í fi gba àyè púpọ̀.

Orúkọ commit kì í ṣe orúkọ tí ènìyàn sọ ọ́. Git ń ṣírò rẹ̀ látinú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 ni, irú bíi 3b7e90c kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ yí kọ́mà kan ṣoṣo padà nínú fáìlì kan, orúkọ á yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tó sì jẹ́ pé orúkọ òbí wà lára ohun tí Git fi ń ṣírò orúkọ ọmọ, kò sẹ́ni tó lè lọ yí ìtàn àtijọ́ padà lábẹ́lẹ̀ kí orúkọ gbogbo àtọmọdọ́mọ má yí padà. Oríkì tí kò ṣeé parọ́ ni, àbí?

Ẹ̀ka wá ńkọ́? Ibí ló máa ń ya àwọn tí mo bá ń kọ́ lẹ́nu. Wọ́n rò pé tí ènìyàn bá ya ẹ̀ka, kọ̀ǹpútà ń da gbogbo fóldà kọ síbòmíràn. Rárá o. Ẹ̀ka jẹ́ fáìlì kékeré kan tí orúkọ commit kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀: lẹ́tà àti nọ́ńbà 40, pẹ̀lú àmì ìparí ìlà, byte 41 lápapọ̀. Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ wọ inú iṣẹ́ tuntun kan tí ẹ ń fi Git ṣe, kí ẹ tẹ cat .git/refs/heads/main, ohun tó máa yọ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá tẹ git switch -c ele-tuntun, Git á dá irú fáìlì byte 41 míì sílẹ̀, ó parí. Kì í pẹ́ rárá, bí kóòdù yín tiẹ̀ pọ̀ tó ti Linux. Tẹ́ ẹ bá wá ṣe commit tuntun lórí ẹ̀ka náà, Git á pa orúkọ inú fáìlì kékeré yẹn rẹ́, á kọ ti tuntun sí i. Bíi ewé tí a fi sáàárín ìwé ká lè mọ ibi tí a kà dé ni: ìwé ò yí padà, ewé la ń sún síwájú.

Àwọn ètò tó ṣáájú Git náà ní ẹ̀ka o, kí n má rẹ́ wọn jẹ. Àmọ́ dídà á pọ̀ máa ń nira débi pé ẹni tó bá ya ẹ̀ka, ńṣe ló dà bíi pé ó kó ẹrù kúrò nílé.

Ẹni mẹ́ta ló ń jókòó níbi ìdàpọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìwé òfin ẹgbẹ́ wà nínú fáìlì kan. Ìlà kẹta ní "owó ìwọlé: 2,000". Mo ya ẹ̀ka tèmi, ọ̀rẹ́ mi ya tirẹ̀. Nígbà tí a padà dé, tèmi ní 2,500, tirẹ̀ ní 2,000. Èwo ni Git máa mú?

Tó bá jẹ́ pé tèmi àti tirẹ̀ nìkan ló ń wò, kò lè mọ̀. Bóyá èmi ni mo fowó kún un. Bóyá òun ló dín in kù. Ó tún burú jù báyẹn lọ tó bá jẹ́ pé ìlà kan wà lọ́dọ̀ mi tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀: ṣé èmi ni mo fi kún un ni, àbí òun ló pa á rẹ́? Ojú lásán ò lè dá ìyẹn mọ̀.

Ohun tí Git máa ń ṣe ni pé á tọpasẹ̀ òbí, á máa lọ sẹ́yìn láti orí ẹ̀ka méjèèjì títí á fi kan commit tó jẹ́ baba ńlá fún àwọn méjèèjì, èyí tó súnmọ́ wọn jù. Bí àwọn àgbà ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé náà ni: "Kí ni baba yín fi sílẹ̀?" Tí baba ńlá bá ní 2,000, tí tèmi jẹ́ 2,500, tí tirẹ̀ ṣì jẹ́ 2,000, a jẹ́ pé èmi nìkan ni mo fọwọ́ kan ìlà yìí, 2,500 la máa mú. Tí àwa méjèèjì bá sọ ọ́ di 2,500, kò sí ẹjọ́. Tí baba ńlá bá ní ìlà kan tí èmi ò ní mọ́, tí òun sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, èmi ni mo pa á rẹ́, Git náà á sì pa á rẹ́. Ìgbà tí mo bá sọ ọ́ di 2,500, tí òun sọ ọ́ di 3,000, ni Git á gbọ́wọ́ sókè pé ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá bá mi dá sí i.

Three-way merge lorúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá parí, Git á dá commit tuntun sílẹ̀ tó ní òbí méjì dípò ọ̀kan. Òbí lè ju méjì lọ pàápàá. Ní 2014, Linus gba ìdàpọ̀ kan sínú Linux tó ní òbí 66! Ó gbà á, àmọ́ ó ráhùn, mi ò sì bá a wí. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, kò sí nǹkan tí à ń dà pọ̀ rárá: tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan main látìgbà tí mo ti yà kúrò lára rẹ̀, Git á kàn sún àmì main wá síbi tí mo dé. Fast-forward nìyẹn.

Ìjà tí ojú ò rí

Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀, Git ò ní parí iṣẹ́. Á kọ <<<<<<< sókè ibi tí ìjà wà, á kọ ọ̀rọ̀ tèmi, á fi ======= sáàárín, á kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, á fi >>>>>>> pa á dé. Iṣẹ́ wa ni pé ká jókòó, ká mú ọ̀kan tàbí ká kọ ẹ̀kẹta, ká pa àwọn àmì yẹn rẹ́, ká wá ṣe commit. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, wọ́n rò pé àwọn ti ba nǹkan jẹ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe commit iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, git merge --abort á dá gbogbo rẹ̀ padà síbi tó wà.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí àwa tí à ń kọ Yorùbá. Áàpù ẹgbẹ́ yìí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Fáìlì kan wà tí gbogbo gbólóhùn rẹ̀ wà. Akọ̀wé fi gbólóhùn tuntun kan ránṣẹ́ sí àwa méjèèjì, kálukú sì tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀ka tirẹ̀ láìmọ̀ pé ẹnìkejì ti tẹ̀ ẹ́. Kò yẹ kíyẹn dá wàhálà sílẹ̀, ṣebí mo sọ fún yín pé tí àwa méjèèjì bá ṣe nǹkan kan náà, kò sí ẹjọ́. Git ní ìjà wà. Mo ṣí fáìlì. Lókè: "Ọjọ́ ìpàdé ti yí padà." Nísàlẹ̀: "Ọjọ́ ìpàdé ti yí padà." Mo wò ó títí ojú fi ń ro mí. Ọ̀rọ̀ kan náà, àmì kan náà, àlàfo kan náà. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó ní bóyá Git ti ya wèrè.

Git ò ya wèrè. Unicode, ìyẹn ìlànà tó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà, fún lẹ́tà "ọ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún "ó" náà ní tirẹ̀, àmọ́ "ọ́" tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A gbọ́dọ̀ to ó pọ̀ ni. Ẹ lè mú "ọ", kẹ́ ẹ gbé àmì òkè lé e. Ẹ lè mú "ó", kẹ́ ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ẹ sì lè mú "o" lásán, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi àmì ìsàlẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó gbé tòkè lé e, tàbí kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ọ̀nà mẹ́rin! Lójú ènìyàn, lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Nínú kọ̀ǹpútà tó ń lo UTF-8, ọ̀nà àkọ́kọ́ gba byte 5, ọ̀nà kejì gba byte 4. Git kì í sì í wo lẹ́tà bí ènìyàn ṣe ń wò ó. Byte ló ń wò. Kíbọ́ọ̀dù tèmi ń to tirẹ̀ lọ́nà kan, kíbọ́ọ̀dù ọ̀rẹ́ mi ń to tirẹ̀ lọ́nà míì. Lójú Git, gbólóhùn méjì tó yàtọ̀ síra la kọ.

Unicode fúnra rẹ̀ ní oògùn rẹ̀. Ìlànà kan wà tó ń jẹ́ NFC: tẹ́ ẹ bá fi ọ̀rọ̀ yín sínú rẹ̀, ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á di ọ̀kan, ìyẹn "ọ" tí àmì òkè tẹ̀ lé. A kọ ètò kékeré kan tí Git máa ń ṣiṣẹ́ lé lórí kó tó gba commit kankan, tó ń da gbogbo fáìlì Yorùbá wa sínú NFC. Látìgbà náà, a ò rí irú ìjà yẹn mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè tàbí tẹ́ ẹ ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ tètè ṣe é. Ìṣòro yìí kan náà ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa wá ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì, kí kọ̀ǹpútà ní kò sí níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fojú yín wò ó.

Nígbà tí Git dákẹ́

Ìjà tó bá pariwo ò burú. Èyí tó dákẹ́ ló fẹ́ pa wá.

Níbẹ̀rẹ̀, ìlà kan wà nínú kóòdù wa tó ní ele = 0.05. Ibi tó ń ṣírò èlé á kàn mú owó tí ènìyàn yá lọ́nà iye yẹn: 100,000 lọ́nà 0.05, ó di 5,000. Akọ̀wé ló máa ń tẹ iye náà sínú áàpù fúnra rẹ̀, ó sì ti ṣèèṣì fẹ́ tẹ 0.5 rí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa tẹ 5 bí mo ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Mo ya ẹ̀ka, mo sọ ìlà yẹn di ele = 5, mo lọ síbi tó ń ṣírò èlé, mo ní kó fi 100 pín in. Mo dán an wò: 5,000. Mo dà á pọ̀ mọ́ main.

Gbogbo àsìkò yẹn, ọ̀rẹ́ mi ti wà lórí ẹ̀ka tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹgbẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yáwó pàjáwìrì, èyí tí ènìyàn lè gbà lọ́jọ́ tó bá bèèrè. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì tuntun, ó ní kó mú owó lọ́nà ele. Lórí ẹ̀ka tirẹ̀, ele ṣì jẹ́ 0.05, nítorí ó ti yà kí n tó yí i padà. Ó dán an wò: 5,000.

Ẹ wá fi òfin baba ńlá wò ó. Ìlà ele: baba ńlá ní 0.05, tèmi 5, tirẹ̀ 0.05. Èmi nìkan ni mo yí i padà, Git mú 5. Fáìlì pàjáwìrì: baba ńlá ò ní in, èmi ò ní in, òun ní in. Òun ló fi kún un, Git mú un. Ìpinnu méjèèjì tọ̀nà. Kò sí ìlà kan tí àwa méjèèjì jọ fọwọ́ kàn. Git ní kò sí ìjà, òótọ́ ló sì sọ. Lẹ́yìn náà, 100,000 lọ́nà 5: 500,000.

Ènìyàn 4 ló yá owó pàjáwìrì lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyá aláta ló kọ́kọ́ ka àtẹ̀jíṣẹ́ tiwọn.

Git ò mọ èlé. Ìlà ọ̀rọ̀ ló mọ̀. Lọ́dọ̀ mi, "ele" túmọ̀ sí iye lórí 100. Lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ó túmọ̀ sí iye lórí náírà kan. Bíi kí ènìyàn kọ "oko" láìfi àmì sí i ni: ẹnì kan á kà á sí ibi tí a ti ń gbin iṣu, ẹlòmíràn á kà á sí ẹni tó fẹ́ aya.

Bí a ṣe rí i? Láàárín irú áàpù tó dára tí a mọ̀ kẹ́yìn àti èyí tó ń da àwọn ènìyàn láàmú, commit 120 ló wà. A ò ka gbogbo rẹ̀. Git ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ bisect: ẹ sọ fún un pé èyí dára, èyí ò dára, á mú yín lọ sí àárín. Ẹ dán tàárín wò. Tó bá dára, àṣìṣe wà lápá ọ̀tún. Tí kò bá dára, ó wà lápá òsì. Ó tún pín ìyókù sí méjì. Ìdánwò 7 la ṣe. Níbi tí ẹ̀yáwó pàjáwìrì kò bá tíì sí rárá, a ní ó dára. Commit tó tọ́ka sí ló pa wá lẹ́nu mọ́: ìdàpọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ni. Òbí àkọ́kọ́ dára, òbí kejì dára, ọmọ ni kò dára.

A yí i padà ká lè dá ìpalára dúró: git revert -m 1. Nọ́ńbà 1 yẹn ń sọ fún Git èwo nínú òbí méjèèjì ni ká padà sí, nínú ọ̀rọ̀ wa main ni. Akọ̀wé pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì bẹ̀ wọ́n. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Kò tíì tán. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi tún ìlà tirẹ̀ ṣe, ó tún fẹ́ da ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀. Fáìlì pàjáwìrì, Git ní ẹnì kan ti pa á rẹ́, ẹlòmíràn sì tún un ṣe, kí lẹ fẹ́? Bọ́tìnì àti àwọn gbólóhùn tó bá iṣẹ́ náà rìn kò tiẹ̀ yọjú rárá. Ọ̀pọ̀ wákàtí ló bá a lọ kó tó yé wa. Revert pa iṣẹ́ rẹ́ kúrò nínú fáìlì, àmọ́ kò pa ìtàn rẹ́. Lójú Git, ẹ̀ka náà ti wọ main tẹ́lẹ̀. Commit àtijọ́ wọ̀nyẹn ti di baba ńlá. Nígbà tó bi ara rẹ̀ pé "kí ni baba fi sílẹ̀?", iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi wà lára ogún, àwa la sì pa á rẹ́, nítorí náà ó gbà pé a ò fẹ́ ẹ mọ́. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe ni pé ká revert revert yẹn, kí iṣẹ́ padà dé, ká tó da àtúnṣe pọ̀. Ó dún bí àṣà àwàdà, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo dá ara mi lẹ́bi fún jù kì í ṣe ìdàpọ̀ náà. Mo yí ìtumọ̀ "ele" padà, mo sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní mo sọ ọ́ di "ele_lori_100" ni, kóòdù ọ̀rẹ́ mi ì bá wá "ele" tì, áàpù ì bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ níwájú wa, kì í ṣe lórí fóònù ìyá oníyàá. Àṣìṣe tó bá dá iṣẹ́ dúró sàn ju èyí tó ń fúnni ní nọ́ńbà lọ.

Ẹ̀ka wa kì í dàgbà ju ọjọ́ méjì lọ mọ́. Tí iṣẹ́ bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ máa da main wọ inú ẹ̀ka tirẹ̀ láràárọ̀. A kọ ìdánwò tó ń bèèrè pé 100,000 ṣé 5,000 ni èlé rẹ̀, lórí oríṣi ẹ̀yáwó méjèèjì, a sì ń ṣe é lórí àbájáde ìdàpọ̀ kó tó wọ main, nítorí pé ìdánwò orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti fìyà jẹ wá. Àwọn ará Linux ti mọ èyí tipẹ́. Láti 2008 ni Stephen Rothwell ti bẹ̀rẹ̀ linux-next, níbi tí wọ́n ti ń da ẹ̀ka àwọn alábòójútó pọ̀ lójoojúmọ́ láti wá ìjà, kó tó di pé Linus ṣí ilẹ̀kùn ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń gba iṣẹ́ tuntun wọlé. Ẹgbẹ́ wa ò tó Linux, ènìyàn méjì péré la jẹ́, àmọ́ ènìyàn méjì náà ti tó dá 500,000 sílẹ̀.

Ìyá aláta san 5,000 náírà èlé wọn lóṣù tó tẹ̀ lé e. Wọn ò pa àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn rẹ́ o. Nígbà tí mo lọ síbi ìpàdé ẹgbẹ́ láti lọ ṣàlàyé, wọ́n gbé fóònù sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tó o bá tún fẹ́ da nǹkan pọ̀, kọ́kọ́ pè mí ná." Mo ní ẹ ṣé, mà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni akọ̀wé wá sọ fún mi pé ẹgbẹ́ fẹ́ gbé èlé lọ sí 6.